Ọjọ́ mẹ́rin tí kóòtù ìbílẹ̀ fi pè mí wá jẹ́rìí ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìsọ̀ mi kò jìnnà sí Tákìé, níbi tí mo ti ń ra kóró kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí mo sì ń tà á fún àwọn tó ń wá kó o láti Èkó. Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kejì ọdún yìí, nígbà tí mo ń wọn kajú lọ́wọ́, akódà kóòtù wọlé pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Ó kí mi, ó béèrè orúkọ mi, ó sì na ìwé kan sí mi pé kí n fọwọ́ sí i pé ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kí n tó kọ orúkọ mi tán, gbogbo ìsọ̀ ti dákẹ́ rọ́rọ́, nítorí pé lọ́dọ̀ wa níbí, ìwé tó bá ti kóòtù wá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀rín gbà, gbogbo wa la sì mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Akódà náà rí ojú àwọn oníbàárà mi, ó sì gbé ohùn sókè díẹ̀ pé: “Ẹlẹ́rìí ni kóòtù pe Mọ́mì o, ẹnikẹ́ni kò pe Mọ́mì lẹ́jọ́.” N kò lè gbàgbé oore yẹn. Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa ì bá ju ìwé sílẹ̀, kí ó máa lọ, kí ó sì fi mí sílẹ̀ fún ahọ́n ọjà.

Mo ń kọ àyẹ̀wò yìí nítorí pé kóòtù ìbílẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí ìjọba ń ṣe fún aráàlú pẹ̀lú owó aráàlú, ó sì tọ́ kí ẹni tó bá bá a pàdé sọ bí ó ti rí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ti ilé oúnjẹ tàbí ti ilé ìwòsàn. N kò ní dárúkọ kóòtù náà, nítorí pé ẹjọ́ tí mo lọ jẹ́rìí sí kò tíì parí, àti pé láti inú ohun tí àwọn tó ti lọ sí àwọn kóòtù mìíràn sọ fún mi, àìdáa tí mo rí kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Èrò mi ni pé bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ níbẹ̀ dára ju bí mo ti rò lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tí wọ́n pè wá ràn wọ́n lọ́wọ́ kù díẹ̀ káàtó.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Ní ọdún 2009, bàbá àgbàlagbà kan ta oko kan lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé fún ọkùnrin kan tí èmi àti rẹ̀ jọ ń ṣòwò kajú, mo sì wà lára àwọn mẹ́rin tó fọwọ́ sí ìwé títà náà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á ti di olóògbé. Àwọn ọmọ ẹni tó rà á ló ń kórè igi kajú ibẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ ẹni tó tà á sì gbé wọn lọ sí kóòtù, wọ́n ní bàbá àwọn kò ta ilẹ̀ rárá, pé ńṣe ló fún ọkùnrin náà ní ibi tí yóò ti máa dáko, tí yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Nínú àwa mẹ́rin tí a fọwọ́ sí ìwé, èmi àti ẹnì kan tó ń gbé ní Kàdúná nìkan ló kù láyé. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún kóòtù ìbílẹ̀ ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ lórí ilẹ̀ ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi gbé e wá síbẹ̀.

Ìwé ìpè náà fúnra rẹ̀ ni àléébù àkọ́kọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀, nínú ìlú tí ìyá àti bàbá tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń pè fún ẹ̀rí ọ̀ràn ilẹ̀ ti lè ní àádọ́rin ọdún. Mo lè kà á, ṣùgbọ́n kí ni mo rí kà? Nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ àwọn tó ń bá ara wọn rojọ́, ọjọ́, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, àti ìkìlọ̀ pé bí n kò bá yọjú, wọ́n lè fi ọlọ́pàá wá mú mi. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ ìlà tàbí yàrá tí n ó lọ jókòó sí, kò sí nọ́ńbà fóònù tí mo lè pè, kò sì sí gbólóhùn kan tó sọ pé ẹ ṣeun tí ẹ fẹ́ wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní òun náà ti gba ìwé kóòtù rí, pé júrì ni wọ́n pe òun sí, ìyẹn àwọn aráàlú tó ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ní kóòtù, tí wọ́n sì ń sọ bóyá ẹnì kan jẹ̀bi. Lọ́dọ̀ wọn, nínú orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò àti àwọn tó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ni wọ́n ti ń ṣa ènìyàn, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Adájọ́ àti àwọn lọ́yà á bi àwọn tí wọ́n ṣà ní ìbéèrè, kí wọ́n lè mọ ẹni tó bá olùjẹ́jọ́ tan, tàbí ẹni tí inú rẹ̀ kò mọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá, àwọn méjìlá ló ń jókòó gbọ́ ọ, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ fi ohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó lè sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi. Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ló sọ ìyẹn di dandan fún gbogbo ìpínlẹ̀ wọn ní ọdún 2020. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, owó tí Texas ń san fún ẹni tó wá kò dín ní 20 dọ́là ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àti 58 dọ́là ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ jókòó gbọ́ ẹjọ́ kankan, nítorí pé wọ́n ní kí ó máa lọ sílé ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Síbẹ̀, ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i sọ ibi tí yóò gbé mọ́tò sí, ohun tí kò gbọdọ̀ mú wọlé, nọ́ńbà tí yóò pè bí ara rẹ̀ kò bá yá, àti pé òfin kò gba ẹni tó gbà á síṣẹ́ láyè láti lé e nítorí rẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ti fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tí yóò gbà á.

Àwa kò ní júrì ní Nàìjíríà lónìí. Wọ́n lò ó ní Èkó láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Ohun tó sún mọ́ ọn jù nínú èyí tí mo fi ojú mi rí ni àwọn méjì tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrẹ kóòtù ìbílẹ̀, n ó sì dé orí wọn láìpẹ́.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dé kóòtù ní aago mẹ́jọ àbọ̀. Kóòtù jókòó ní aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ wa, akọ̀wé ní kí gbogbo ẹlẹ́rìí bọ́ síta, nítorí pé ẹlẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn sọ kí òun tó sọ tirẹ̀. Òfin tó dára nìyẹn, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà níta? Bẹ́ǹṣì gígùn kan ṣoṣo lábẹ́ igi máńgòrò. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni àwọn ọmọ olùpẹjọ́, àwọn ọmọ olùjẹ́jọ́ àti èmi tí mo fẹ́ jẹ́rìí láàárín wọn jọ jókòó sí, tí orúnkún wa ń kan ara wọn. Nígbà tí oòrùn mú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olùjẹ́jọ́ ra omi inú ọ̀rá mẹ́ta, ó sì fi ọ̀wọ̀ na ọ̀kan sí mi. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n rí ni. Bí mo bá gbà á, kí ni àwọn tó wà ní apá kejì yóò sọ? Bí n kò bá gbà á, kí ni ọmọ yìí yóò lọ sọ fún ìyá rẹ̀? Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo fi sí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, n kò sì mu ún, títí ó fi gbóná. Òùngbẹ gbẹ mí títí di ọ̀sán. Ìjókòó méjì péré, kí ọ̀kan wà ní apá ọ̀tún ọgbà, kí èkejì wà ní apá òsì, ì bá gbà wá lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò sì ná ìjọba ní ohun tó pọ̀.

Ní ọjọ́ yẹn, lọ́yà olùpẹjọ́ kọ̀wé pé ara òun kò yá, wọ́n sì sún ẹjọ́ síwájú. Ní ọjọ́ kejì, kóòtù kò jókòó rárá, nítorí pé ààrẹ kóòtù lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nílùú Ìbàdàn. Wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, nọ́ńbà fóònù mi sì wà lẹ́yìn ìwé tí mo fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pè mí. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pe ẹjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú tiwa, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ wa lórí ẹ̀rí olùpẹjọ́. Apá kẹrìndínlógójì ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tó ní ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ tó tọ́ láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu. Mo rò pé ó yẹ kí àkókò ẹni tí kò ní ẹjọ́ kankan, tó kàn wá sọ ohun tó mọ̀, wọ inú ìṣirò yẹn pẹ̀lú.

Ẹni tó bá mọ òwò kajú yóò mọ ohun tí oṣù kejì dé oṣù kẹrin jẹ́ fún wa. Àkókò yẹn ni àgbẹ̀ ń kó kóró wálé, àgbẹ̀ kì í sì í gbé àpò rẹ̀ padà sóko nítorí pé ìyá oníkajú lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ kejì tí kóòtù kò jókòó yẹn nìkan, àpò mọ́kànlá tó yẹ kí ó wọ ìsọ̀ mi ló lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀ fún owó ọ̀kadà, n kò sì béèrè. Owó náà kọ́ ló dùn mí, bí kò ṣe pé ìpè kan ṣoṣo lórí fóònù ì bá ti dáàbò bo ọjọ́ iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ kẹrin ni ọjọ́ tó mú kí n fẹ́ kọ nǹkan tí ẹ ń kà yìí, nítorí pé ohun tí mo rí nínú yàrá yẹn yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ojú mi rí lábẹ́ igi máńgòrò.

Bíbélì, Kùránì àti irin kan tí wọ́n fi aṣọ pupa wé wà lórí tábìlì kékeré, akọ̀wé sì bi mí ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé èwo ni n ó fi búra. Mo gbé Bíbélì. Ààrẹ kóòtù, tó jẹ́ amòfin, ní kí n sọ̀rọ̀ ní èdè tó bá rọ̀ mí lọ́rùn, mo sì yan Yorùbá. Kò sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí mo ti ń sọ ọ́ ní Yorùbá. “Ìyá, ẹ máa wo bírò wa o,” ni wọ́n sọ fún mi. “Bí ó bá ń lọ, ẹ dúró dè é. Bí ó bá dúró, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.” Mo ń wo bírò náà. Ó ń sáré, ó ń dúró, ó ń tún sáré. Ní àárín ọ̀rọ̀ mi, tádàwá rẹ̀ tán, wọ́n gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìyá àgbà tó jókòó ní apá òsì wọn sì yọ tirẹ̀ láti inú báàgì ó nà án sí wọn láìsọ̀rọ̀. Ní òpin ìlà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ṣe pàtàkì, wọ́n á ka ohun tí wọ́n kọ padà fún mi ní Yorùbá, wọ́n á bi mí pé, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe sọ ọ́?” Lẹ́ẹ̀kan, mo ní rárá, pé n kò sọ pé mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń ka owó, pé ìgbà tí wọ́n ti kà á tán ni mo dé. Wọ́n fa ìlà sí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tún un kọ. N kò tíì rí òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi rí.

Wọ́n gbé ìwé títà náà fún mi. Wọ́n ti ká a sí mẹ́rin tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ibi tí wọ́n ká fi ya, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, sẹ́lótéèpù náà sì ti pọ́n. Ìka bàbá tó ta ilẹ̀ wà nísàlẹ̀, ní aró aláwọ̀ àlùkò, ìfọwọ́sí mi sì wà ní ìlà kẹta. Ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀ nígbà tí mo rí orúkọ àwọn méjì tó ti lọ.

Lọ́yà olùpẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ó béèrè bóyá mo rí i rí kí olóògbé tó ra ilẹ̀ gbé iṣu lọ fún ẹbí olùpẹjọ́ nígbà ọdún. Òtítọ́ ni mo búra láti sọ, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i. Lọ́yà náà jókòó pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, nítorí pé ẹni tó bá ń gbé iṣu lọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń pè é, ìṣákọ́lẹ̀ sì ni àmì pé ènìyàn kò ní ilẹ̀. Mo rò pé mo ti ba ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà jẹ́.

Ìyá àgbà tó yá ààrẹ ní bírò ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Wọn kì í ṣe amòfin. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, ọmọ ìlú wa sì ni wọ́n. Wọ́n bi mí pé: “Iṣu yẹn, ṣé wọ́n máa ń kà á ni, àbí bí ó bá ṣe wù ú ló ń gbé e?” Mo ní bí ó bá ṣe wù ú ni. “Ta ló tún máa ń gbé iṣu fún nígbà ọdún náà?” Mo ní ó ń gbé fún èmi náà, ó ń gbé fún pásítọ̀ rẹ̀, ó sì ń gbé fún ẹni tó ń bá a tún alùpùpù rẹ̀ ṣe. “Ọjọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀, ta ló gbin pèrègún sí igun rẹ̀?” Mo ní bàbá tó ta á fúnra rẹ̀ ni, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá náà yí padà sí ààrẹ kóòtù, wọ́n ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọ ọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta yẹn kò sí nínú ìwé òfin kankan. Ẹni tó mọ bí a ti ń fúnni ní iṣu nígbà ọdún ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì mọ̀ pé onílẹ̀ kì í gbin pèrègún fún ẹni tó kàn yá ilẹ̀ dáko, ló lè béèrè rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Houston, ó ní ìdí tí wọ́n fi ń pe júrì nìyẹn gan-an, kí ó lè jẹ́ pé àwọn tó ń gbé láàárín àwọn ènìyàn ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Láti ìgbà Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ ti ọdún 1957 ní Ìwọ̀-Oòrùn, àti ṣáájú rẹ̀ pàápàá, ni àwa ti ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lórí àga ìdájọ́ wa. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò sì de ọwọ́ kóòtù ìbílẹ̀ bí ó ti de ti kóòtù gíga, èyí ló jẹ́ kí ìbéèrè ìyá náà lè jáde bí ó ti jáde.

Bí mo bá fẹ́ fún wọn ní máàkì, n ó fún ìgbẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, n ó sì yọ ẹyọ kan náà nítorí àìtètè jókòó. Ní ti ìtọ́jú ẹlẹ́rìí, mẹ́ta ni mo lè fún wọn, akódà tó gbé ohùn sókè ní ìsọ̀ mi ló sì ni méjì nínú rẹ̀. Kí wọ́n kọ ìwé ìpè ní Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n fi nọ́ńbà akọ̀wé sí i. Kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú bí wọn kò bá ní jókòó. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹlẹ́rìí bá àwọn ẹlẹ́jọ́ pín bẹ́ǹṣì mọ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá fún ní irú ìwé yìí, ẹ má sá. Ẹ gbé omi tiyín dání, ẹ gba nọ́ńbà akọ̀wé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa pè é kí ẹ tó jáde nílé, ẹ má sì ṣe bá ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹlẹ́jọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bú yín.

Wọ́n ti sún ẹjọ́ náà di oṣù tó ń bọ̀ fún ẹ̀rí ẹni tó wà ní Kàdúná. Kóòtù sọ fún mi pé iṣẹ́ mi ti parí, pé n kò ní láti wá mọ́. Mo ti sọ fún ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ pé òun ni yóò wọn kajú ní ọjọ́ náà, nítorí mo fẹ́ lọ jókòó nínú yàrá lọ́tẹ̀ yìí, kí n gbọ́ ohun tí ìyá àgbà yẹn yóò bi í.